Ẹsẹ̀ Kò Gbọdọ̀ Kan Ilẹ̀

Ọdún kẹfà nìyẹn tí Susanna Ọlátẹ́jú ti ń gun alùpùpù kékeré lọ síbi iṣẹ́, kò sì sí ẹni tó pe ohun tó ń ṣe ní eré ìdárayá rí. Òun fúnra rẹ̀ kò pè é bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni ní agbègbè Shika. Láràárọ̀, á gbéra ní àdúgbò Tukur-Tukur ní Zaria, níbi tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé, á di báàgì irinṣẹ́ rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù, á sì kọrí sí àwọn abúlé tí mọ́tò kì í dé. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, ọ̀nà abúlé a di ọbẹ̀ ilá. Àwọn ọkùnrin tó ń gba ọ̀nà náà a máa fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọ́ ẹrẹ̀ bíi pẹ́pẹ́yẹ títí wọ́n á fi kọjá. Susanna kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ funfun, bàtà rẹ̀ funfun, ọ̀gá wọn obìnrin sì jẹ́ ẹni tí í wo bàtà ènìyàn kó tó wo ojú rẹ̀. Nítorí náà, ó kọ́ bí a ti ń kọjá láìgbé ẹsẹ̀ sílẹ̀. Á dín iná ẹ́ńjìnnì kù, á dìde dúró lórí irin tí wọ́n ń fẹsẹ̀ lé, á jẹ́ kí máṣíìnì máa mì lábẹ́ rẹ̀ bó ṣe fẹ́, òun á sì fara balẹ̀ lókè bí ẹni tó ru ìkòkò omi tó kún dẹ́nu.

“Ṣé ẹ̀rù kì í bà ọ́ ni?” Mọ̀dínátù máa ń bi í. Ọmọ Ìlọrin ni Mọ̀dínátù, ó ń ta aṣọ, ògiri kan ló pín ilé rẹ̀ àti tiwọn.

“Bàtà fífọ̀ ló ń bà mí lẹ́rù,” ni Susanna máa ń dá a lóhùn.

Ní ti Adélàjà ọkọ rẹ̀, ọ̀gá ni láàrin àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní wọ́kíṣọ́ọ̀bù kan ní yunifásítì. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, tí kì í bá ènìyàn jà, tí kì í mutí. Àìsàn kan ṣoṣo tó ń ṣe é kò ju ìfẹ́ alùpùpù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ. Kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń gùn lójú títì o. Irú èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì dìídì ṣe fún ìdíje nínú ẹrẹ̀, nínú odò, lórí àpáta, níbi tí ẹni tó lórí pípé kò ní fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé. Àwọn ìwé ìròyìn àtijọ́ tí ilé ìkàwé fẹ́ dà nù ló kó sábẹ́ ibùsùn, ibẹ̀ ló sì ti mọ orúkọ gbogbo wọn. Bí inú rẹ̀ bá dùn, á máa kà wọ́n bí ẹni ń ki oríkì ilé bàbá rẹ̀: Greeves, Dot, Cotton, James, Francis-Barnett. Kò rí ọ̀kan nínú wọn lójúkojú rí.

Àfi ní ìparí sáà ẹ̀kọ́ ọdún 1976. Òyìnbó kan tó ń kọ́ni ní yunifásítì, Mista Hádìn, ń palẹ̀ mọ́ láti padà sí ìlú wọn. Ó pe Adélàjà, ó ní nǹkan kan wà lẹ́yìn ilé òun lábẹ́ tapólì, kò ṣiṣẹ́ mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́; bó bá lè gbé e, kó máa gbé e lọ.

Orí ọmọlanke ló gbà dé ilé ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Ọmọ́bọ́lá, ọmọ wọn obìnrin ọmọ ọdún mẹ́wàá, ló kọ́kọ́ rí i. Zaria ni wọ́n bí i sí, Hausa ló sì máa ń yára dé e lẹ́nu.

“Màmá, ẹ wá wò ó o! Baba ya kawo babur! Bàbá gbé alùpùpù dé!”

Susanna jáde, Mọ̀dínátù náà yọrí láti ojúde tirẹ̀. Ohun tí wọ́n rí kò jọ ohun tí ọmọ ènìyàn lè gùn. Eruku ti bò ó, táyà rẹ̀ méjèèjì ti rọ, aláǹtakùn ti ta okùn láti ọwọ́ rẹ̀ dé ìdí.

“Bàbá Ọmọ́bọ́lá, iná iwájú rẹ̀ dà?”

“Kò ní iná.”

“Fèrè ńkọ́?”

“Kò ní fèrè.”

“Ibo wá ni èmi máa jókòó sí?”

Adélàjà fọwọ́ pa ìjókòó rẹ̀, tí kò tóbi ju búrẹ́dì kan lọ. “Kì í ṣe ti ẹni méjì,” ó wí jẹ́jẹ́.

Mọ̀dínátù pàtẹ́wọ́. “Hàà! Ìyàwó mìíràn mà lẹ fẹ́ yìí, Bàbá Ọmọ́bọ́lá! Ẹ tún wá fi ọmọlanke gbé e wọlé lójú ìyáálé!”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, àwọn tó ti ọmọlanke náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Adélàjà kò tilẹ̀ gbọ́. Ó ti fi àkísà nu ojú kan lára tánkì epo, àwọ̀ búlúù sì yọ lábẹ́ eruku. Ó nu ìsàlẹ̀ rẹ̀. Níbi tí àwọn alùpùpù mìíràn ti máa ń ní páìpù irin níwájú, alumíníọ̀mù dídà ló wà níbẹ̀, ó nípọn tó apá ènìyàn.

“Greeves ni,” ó wí. Omi ń bẹ lójú rẹ̀.

Oṣù mẹ́rin ló fi tún un ṣe. Eku ti di èèpo ẹ̀pà kún inú páìpù èéfín rẹ̀ bámúbámú, agbọ́n sì ti fi amọ̀ kọ́lé sínú kabúrétọ̀. Ó wá púlọ́ọ̀gì káàkiri àwọn ṣọ́ọ̀bù àdúgbò PZ, ó ránṣẹ́ ra táyà láti Kano, èyí tí kò sì rí rà, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rọ ọ́ lẹ́yìn iṣẹ́. Ilé wọn ń rùn fún epo. Lọ́jọ́ kan, Susanna ṣí ìkòkò tó fi ń se ọbẹ̀, ó bá ṣéènì alùpùpù nínú gíríìsì, tó ń hó lórí sítóòfù.

“Bàbá Ọmọ́bọ́lá!”

“Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyẹn,” Adélàjà dáhùn láti ẹ̀yìnkùlé. “Ó wà nínú ìwé.”

“Ṣé ìwé náà sọ pé ìkòkò mi ni?”

Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi bá a sọ̀rọ̀ gidi. Ọ̀rọ̀ kan ló sì yanjú ìjà náà. Ní ọjọ́ Sátidé kan, ó wá gbé oúnjẹ fún un níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, Adélàjà sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe Greeves ṣe bẹ̀rẹ̀.

“Ọkùnrin tó dá a sílẹ̀, mọ̀lẹ́bí rẹ̀ kan wà tí kò lè rìn. Ó bá mú ẹ́ńjìnnì ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé koríko, ó dè é mọ́ kẹ̀kẹ́ tí mọ̀lẹ́bí rẹ̀ yìí ń jókòó sí. Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ fún àwọn tí kò lè rìn ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe, kí wọ́n tó ṣe alùpùpù.”

Susanna ń ronú kan àwọn ọmọdé tó ń rí lójoojúmọ́ ní abúlé, tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú, tí wọ́n ń fi ọwọ́ wọ́ra wọn nínú iyẹ̀pẹ̀. Ó gbé abọ́ oúnjẹ kalẹ̀.

“Sípánà wo lẹ ń wá láti àárọ̀?” ó bi í.

Láti ọjọ́ náà, kò dárúkọ ìkòkò mọ́.

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì náà kọ́kọ́ dáhùn, tó bú jáde pẹ̀lú èéfín funfun, adìyẹ gbogbo àdúgbò ló sá wọlé. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìròyìn ìdíje dé. Káyọ̀dé, olùkọ́ kan ní yunifásítì, ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn tó fẹ́ràn alùpùpù. Wọ́n fẹ́ ṣe ìdíje kan lẹ́sẹ̀ àpáta Kufena ní oṣù kọkànlá, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kórè ọkà bàbà tán. Kì í ṣe ti eré sísá. Ibi mẹ́wàá tó ṣòro ni wọ́n máa fi okùn là, onídàájọ́ kan á sì dúró sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹsẹ̀ rẹ bá kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹyọ kan ni wọ́n kọ fún ọ, lẹ́ẹ̀mejì, méjì, ó ju bẹ́ẹ̀ lọ, mẹ́ta. Bí o bá ṣubú tàbí o dúró, márùn-ún. Ẹni tí tirẹ̀ bá kéré jù ló gbé ipò kìíní.

“Ìdánwò tí òdo ti dùn nìyẹn,” Ọmọ́bọ́lá wí.

Adélàjà fi orúkọ sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ó to òkúta jọ sínú oko ẹ̀pà tó wà lẹ́yìn ilé, ó gbé pákó lé gọ́tà lórí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dánra wò. Àmọ́, ẹ̀yin èèyàn mi, ohun tí orí mọ̀ kò ní kí ara gbọ́. Kò sí ohun tí Adélàjà kò mọ̀ nípa bí alùpùpù ti ń rìn, ṣùgbọ́n bó bá ti gun orí rẹ̀, ara rẹ̀ a le bí igi, á tẹjú mọ́ táyà iwájú bí ẹni tí abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ́bọ́lá dúró lórí àpótí, ó ń ka ẹsẹ̀ rẹ̀ ní Hausa, “Ɗaya! Biyu! Uku!” Nígbà tí yóò fi yí oko náà po lẹ́ẹ̀kan, ó ti di mọ́kànlá. Mọ̀dínátù kì í lọ sọ́jà ní ìrọ̀lẹ́ mọ́. Ó ní òun ti rí sinimá sí ẹ̀yìnkùlé.

Susanna ti iṣẹ́ dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó dúró wo ọkọ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

“Ẹ má wo táyà,” ó wí. “Táyà mọ ibi tó wà. Ibi tí ẹ fẹ́ lọ ni kí ẹ máa wò.”

Òógùn ti bo Adélàjà, ó sì ti ṣubú lẹ́ẹ̀mejì. “Ìyá Ọmọ́bọ́lá, ẹnu dùn ún ròfọ́ o. Wá gùn ún ká rí i.”

Ó rò pé á rẹ́rìn-ín kó sì wọlé ni. Susanna gbé báàgì rẹ̀ fún ọmọ rẹ̀, ó ká aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ sókè díẹ̀ lórí ṣòkòtò tó máa ń wọ̀ sábẹ́ rẹ̀, ó sì gun Greeves. Lẹ́ẹ̀kìíní, ẹ́ńjìnnì kú. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni wọ́n fi ń ṣe jíà rẹ̀, alùpùpù Susanna kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, ó tún kú. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó gbéra.

Ohun tó kọ́kọ́ yà á lẹ́nu ni pé kò kánjú. Alùpùpù tirẹ̀, bí èèyàn bá dín iná rẹ̀ kù jù, á wúkọ́, á sì dákẹ́. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Bó ti ń dín in kù tó, bẹ́ẹ̀ ló ń fà á lọ, pọ̀-pọ̀-pọ̀, bíi màlúù tó mọ ọ̀nà ilé. Ó dìde dúró. Ó gba orí òkúta kọjá, ó tẹ̀ sí òsì, ó tẹ̀ sí ọ̀tún, ó gorí pákó, ó yí po nídìí igi móńgòrò, ó padà wá. Ọmọ́bọ́lá ti la ẹnu sílẹ̀ láti kà, kò rí nǹkan kà.

“Ko ɗaya!” ọmọ náà kígbe. “Màmá, kò tilẹ̀ sí ẹyọ kan!”

Mọ̀dínátù fi ọwọ́ bo ẹnu. Adélàjà jókòó sórí ọ̀kan nínú àwọn òkúta rẹ̀. Inú Susanna bàjẹ́ díẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé ohun tí ọkọ òun ti ń lá lálàá rẹ̀ láti kékeré ni òun ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ṣeré yẹn. Ó gbé alùpùpù náà ti igi, ó wọlé lọ gbé oúnjẹ kaná.

Ọjọ́ mẹ́rin ni Adélàjà ń jí lọ sí oko ẹ̀pà ní kùtùkùtù, òun nìkan. Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, tí wọ́n ń jẹ iyán, ó fọ ọwọ́.

“Mo ti bá Káyọ̀dé sọ̀rọ̀. Mo ní kó pa orúkọ mi rẹ́, kó kọ tìrẹ síbẹ̀.”

Òkèlè dúró sí Susanna lọ́wọ́. “Kí lẹ wí? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi oṣù mẹ́rin tún un ṣe?”

“Ṣé télọ̀ ló máa ń wọ gbogbo aṣọ tó bá rán ni? Gbọ́, ọjọ́ yẹn tí o gùn ún, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa rí i bó ṣe ń rìn. Bí èmi bá wà lórí rẹ̀, ilẹ̀ nìkan ni mò ń rí.” Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín gidi ni. “Èmi ni mẹkáníìkì rẹ. Mẹkáníìkì kì í ṣe èèyàn yẹpẹrẹ o.”

“Kí ni àwọn èèyàn máa sọ?”

“Wọ́n á sọ̀rọ̀, ó sì máa rẹ̀ wọ́n.”

Káyọ̀dé fúnra rẹ̀ wá sílé láti fi ọkàn Susanna balẹ̀. Ó ní, “Nọ́ọ̀sì, mo ti ka òfin ẹgbẹ́ wa láti òkè délẹ̀. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ díje gbọ́dọ̀ dé akoto. Kò sọ nǹkan kan nípa ọkùnrin tàbí obìnrin.” Mọ̀dínátù bá yọ kákí nínú ọjà rẹ̀, ó gbé e lọ fún télọ̀, ó ní kò ní bójú mu kí aṣojú àdúgbò òun lọ pẹ̀lú ṣòkòtò àlòkù.

Ọjọ́ Sátidé ni ìdíje bọ́ sí. Ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, àpáta Kufena dúró nínú ìkùukùu eruku bí erin tó sùn. Àwọn mẹ́rìnlá ló wá díje. Ẹni tí gbogbo ènìyàn ń wò ni Dókítà Túbọ̀sún, oníṣẹ́ abẹ, tí alùpùpù rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Japan dé, tí aṣọ rẹ̀ ní àwọ̀ bí ẹyẹ ológe. Ó mọ Susanna láti Shika.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Nọ́ọ̀sì! Ṣé ẹ wá tọ́jú àwọn tó máa fara pa ni?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Dókítà. Orúkọ yín ni mo kọ́kọ́ kọ sílẹ̀.”

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó wá rí i tó ń dé akoto, ẹ̀rín náà rọra gbẹ.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ibì kan jẹ́ iyanrìn jíjìn nínú ipa odò tó gbẹ. Ibì kan jẹ́ gbòǹgbò igi tó dì mọ́ra bí ejò. Àwọn tí wọ́n ní agbára ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ariwo, iyanrìn sì gbé wọn mì dé àárín. Susanna ṣe bó ti máa ń ṣe ní ọ̀nà abúlé. Ó dín in kù, ó dìde, ó wo ibi tó ń lọ. Ní ibi karùn-ún, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e. Ní ibi keje, àwọn olùdíje tí ẹyọ wọn ti pọ̀ jù náà tẹ̀ lé wọn. Adélàjà ń sáré níwájú gbogbo wọn pẹ̀lú sípánà nínú àpò àti agolo omi lọ́wọ́, ó ń sọ fún ẹni tó bi í àti ẹni tí kò bi í pé, “Ìyàwó mi nìyẹn. Greeves nìyẹn. Ẹ́ńjìnnì Villiers ni.”

Nígbà tó fi ku ibì kan ṣoṣo, Susanna ṣì wà ní òdo. Dókítà Túbọ̀sún ní méjì péré; ọkùnrin náà mọ̀ ọ́n gùn, kí á sọ òótọ́. Ibi kẹwàá jẹ́ àpáta pẹlẹbẹ tó dagun, tí wọ́n máa gùn lọ sókè, tí wọ́n á sì yí ní àárín níbi tí àpáta ti là. Dókítà ló kọ́kọ́ lọ. Ó fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan níbi tó là yẹn, ó dé òkè. Mẹ́ta ni tirẹ̀ lápapọ̀.

Susanna wo àpáta náà. Bó bá ṣubú, tàbí tí ó dúró, márùn-ún nìyẹn, ìdíje sì ti parí. Ó gbéra.

Àwọn obìnrin abúlé ti gbọ́ pé ungozoma wọn, agbẹ̀bí wọn, wà lórí babur, wọ́n sì ti kó ara wọn jọ sórí àpáta lókè, ọ̀pọ̀ wọn pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Bí orí rẹ̀ ti yọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìkíni, pé ó kú iṣẹ́.

“Ungozoma, sannu da aiki!”

Kò sí ọmọ Zaria tí í gbọ́ ìkíni tí kò ní dáhùn. “Yauwa, sannunku!” Susanna dáhùn láti orí àpáta, ojú rẹ̀ kò kúrò lọ́nà.

“Ina gida?” wọ́n bi í nípa ilé.

“Lafiya lau!” Ó ti dé ibi tó là. Táyà iwájú wọlé, Greeves náà falẹ̀, ó falẹ̀ sí i, pọ̀... pọ̀... pọ̀, bí ẹni tó fẹ́ dúró. Ariwo dákẹ́. Obìnrin kan sì wà lókè lọ́hùn-ún, tí Susanna bá jókòó fún ọjọ́ méjì gbáko nígbà tó ń rọbí lóṣù tó kọjá. Ó rí i bí agbẹ̀bí òun ti lejú, tó fún eyín pọ̀, ó sì kígbe sí i ní ọ̀rọ̀ tí Susanna fúnra rẹ̀ máa ń kígbe sí gbogbo wọn, pé kí aboyún gbin, kó fi agbára ti ọmọ jáde:

“Ki yi nishi!”

Gbogbo àwọn yòókù sì gbè é. “Nishi! Nishi! Ki yi nishi!”

Ẹ̀rín pa Susanna. Kò rò ó tẹ́lẹ̀, kò sì lè dá a dúró. Ikùn rẹ̀ mì, ọwọ́ rẹ̀ mì, alùpùpù tẹ̀ sí òsì, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ sì kan àpáta. Ó gbé e sókè lójú ẹsẹ̀, ó fún un lépo, Greeves náà gbin lóòótọ́, ó fò jáde nínú ibi tó là náà, ó sì gun òkè lọ bọ́ sáàárín àwọn obìnrin tó ń ké “Ayyiriri!”

Onídàájọ́ gbé ìka kan sókè.

“Ẹyọ kan!” Adélàjà ń gun àpáta bọ̀ bí ewúrẹ́. “Ẹyọ kan péré!” Ó yọ̀, ṣòkòtò rẹ̀ ya láti orúnkún dé kókósẹ̀, ó dìde, ó sì ń bọ̀. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ ìyàwó rẹ̀, ó gbé agolo omi fún un. Ọmọ́bọ́lá ti dì mọ́ ìyá rẹ̀ ní ìbàdí. Susanna mu omi náà tán, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, òun àti obìnrin ọlọ́mọ yẹn, wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú.

Dókítà Túbọ̀sún wá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ọkùnrin dáadáa ni, kò fi ìbínú ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ wo alùpùpù náà láti iwájú dé ẹ̀yìn.

“Kí tilẹ̀ lorúkọ nǹkan yìí?”

Ó ti pé ogún ọdún tí Adélàjà ti ń retí pé kí ẹnì kan bi òun ní ìbéèrè yẹn. Nígbà tí ìyàwó dókítà fi wá fà á lápá pé oòrùn ń wọ̀, wọn kò tíì kúrò lórí alumíníọ̀mù iwájú.

Ife ẹ̀yẹ tí wọ́n fún Susanna kò ga ju ẹyin méjì tí wọ́n gbé léra lọ, wọ́n sì fi aago ara ògiri kan kún un. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn èyí ni lẹ́tà kan dé láti Kafanchan, láti ọwọ́ bàbá kan tó ń jẹ́ Matthew, tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ rélùwéè. Ó gbọ́ nípa ìdíje náà lẹ́nu àwọn èrò ọkọ̀ ojú irin. Ó ní òyìnbó kan fi máṣíìnì kan sílẹ̀ sọ́dọ̀ òun tipẹ́, lẹ́tà mẹ́ta ló wà lára tánkì rẹ̀: D, O, T. Adélàjà ka lẹ́tà náà lórí ìdúró, ó wá jókòó, ó tún un kà.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Kafanchan. Bàbá Matthew mú wọn lọ sẹ́yìn ilé, sí ilé adìyẹ. Nínú òkùnkùn níbẹ̀, wọ́n rí táyà méjì, wọ́n rí tánkì pupa, lórí ìjókòó rẹ̀ tí òwú ti yọ nínú rẹ̀, adìyẹ pupa kan dùbúlẹ̀, ó ń wò wọ́n tìkanra-tìkanra.

“Mánṣẹ́sítà ni wọ́n ti ṣe é,” Adélàjà wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

“Ẹ lè gbé e,” Bàbá Matthew wí, “ṣùgbọ́n kì í ṣe lónìí. Ó ń sàba.”

Susanna bẹ̀rẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ adìyẹ náà pẹ̀lú ìrọ̀rùn, ó kà wọ́n. “Ẹyin mẹ́jọ. Ọjọ́ mélòó ló ti sàba, Bàbá?”

“Ọjọ́ kẹrìndínlógún nìyí.”

“Ó ku ọjọ́ márùn-ún.” Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀ láti sọ pé wọ́n á padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n Adélàjà ti bọ́ bàtà rẹ̀, ó ti jókòó sórí àpótí kan níwájú ilé adìyẹ, ó sì ń bi Bàbá Matthew bóyá ẹní kan wà tí òun lè sùn lé.

Susanna àti Ọmọ́bọ́lá ló wọ ọkọ̀ padà. Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, Adélàjà sọ̀kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ rélùwéè Zaria, irùngbọ̀n rẹ̀ ti hù, Dot náà wà nínú ọkọ̀ ẹrù lẹ́yìn, páálí kan sì wà lábẹ́ abíyá rẹ̀ tó ń ké ṣíọ̀-ṣíọ̀. Bàbá Matthew kò gbà kó lọ lọ́wọ́ òfo. Nínú ẹyin mẹ́jọ yẹn, méje ló di òròmọdìyẹ.